Ẹ̀bùn fún Ọ̀rẹ́ tí Ó Fẹ́ràn Ìwé Kíkà

 

Lẹ́yìn àsálátù ọjọ́ Àìkú kan ní Sabon Gari, níbí ní Zaria, arábìnrin kan fà mí sẹ́yìn. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi yóò pé ẹni ogójì ọdún lóṣù tí ń bọ̀. Ìwé ni ó fẹ́ràn jù. Kí ni mo lè rà fún un tí kò ní dà bí ẹni tí ó pọn omi lọ sódò?” Ìbéèrè yìí ni a ó jọ gbé yẹ̀ wò lónìí.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn àáfà wa. Àwọn kan rí i bí àṣà àjèjì tí ó yẹ kí Mùsùlùmí yẹra fún. Àwọn mìíràn ní kò sí aburú níbẹ̀ bí ẹ̀ṣẹ̀ kò bá ti wọ inú rẹ̀. N kò ní jókòó sí àga adájọ́ lórí rẹ̀. Ohun tí a jọ gbà ni pé ẹ̀bùn kò nílò ọjọ́ kan pàtó. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gbà wá níyànjú pé kí á máa ta ara wa lọ́rẹ kí ìfẹ́ lè gbilẹ̀ láàárín wa, kí aládùúgbò má sì fojú kéré ẹ̀bùn aládùúgbò rẹ̀, ì báà jẹ́ pátákò àgùntàn. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe é lọ́jọ́ ìbí, kí ó ṣe é lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, tàbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lásán. Ní ti ogójì ọdún, Alùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé fúnra rẹ̀ mẹ́nu bà á, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí tí ènìyàn ń dàgbà tán, tí ó sì ń bẹ Olúwa rẹ̀ pé kí Ó fún òun ní agbára láti dúpẹ́.

Ìwé kò wọ́n ní ìlú tí à ń gbé yìí. Zaria ni a ti dá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Gaskiya sílẹ̀ ní ọdún 1945, èyí tí ìwé ìròyìn Háúsá náà, Gaskiya Ta Fi Kwabo, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ti máa ń jáde nígbà náà. Abubakar Imam, olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́, ni ó kọ Magana Jari Ce tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a bí síhìn-ín fi kọ́ Háúsá kíkà. Láti ọdún 1962 ni Yunifásítì Ahmadu Bello ti wà ní Samaru. Nítorí náà, ìwé rírà kọ́ ni ìṣòro. Mímọ ẹni tí à ń rà á fún ni.

Èmi náà ti ṣìṣe rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra Tafsiri Ibn Kathir lédè Gẹ̀ẹ́sì, apá mẹ́wàá odindi, fún olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan. Owó tí mo ná sí i kò kéré, inú mi sì dùn nígbà tí àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, mo dé ilé rẹ̀. Àwọn ìwé náà tò lórí pẹpẹ, a kò tíì tú ọ̀rá ara wọn. Ìwé ìtàn Háúsá kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ìwé ńlá yẹn kò ní àléébù, ẹni tí mo fún kò sì jẹ̀bi. Èmi ni mo ra ohun tí yóò bu iyì kún mi, tí n kò bèèrè ohun tí yóò wúlò fún un.

Ìyẹn ni ó mú mi ṣọ́ra nígbà tí ó kan ọ̀rẹ́ mi tí à ń pè ní Ìyá Ìbejì. Láti ilé ìwé ni a ti mọ̀ ọ́n mọ́ ìwé: ìwé Fagunwa, ìwé Háúsá, ìtàn àwọn sàábé, kò sí èyí tí kì í kà. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ó pé ogójì ọdún, mo lọ sí ilé rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì. Mo fẹ́ fi ọgbọ́n wo pẹpẹ rẹ̀ kí n lè mọ ìwé tí kò ní. Iná ti lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wá bá a. Ó na ìwé náà jìnnà sójú, ó tún fà á mọ́ra, lẹ́yìn náà ó ní kí ọmọ lọ bá bàbá rẹ̀.

Mo bi í pé, “Ìyá Ìbejì, ìwé wo lò ń kà lọ́wọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Tíṣà, ó ti tó ọdún kan tí mo ti ka ìwé parí gbẹ̀yìn. Bí mo bá ka ojú ewé méjì, orí á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ mi. Mo rò pé ọpọlọ mi ló ń kú lọ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ìwé ni gbogbo yín fi mọ̀ mí.”

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ènìyàn bá ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, awò àdámọ́ tí Ọlọ́hun dá sínú ẹyin ojú máa ń le díẹ̀díẹ̀, kì í sì lè tẹ̀ mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá láti rí ohun tí ó súnmọ́ wa. Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé ọpọlọ ń kú. Awò tí a fi ń kàwé ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dára kí á kàn lọ ṣa awò lójú ọjà, nítorí àrùn ojú kan wà tí wọ́n ń pè ní glaucoma, tí ń jí ìríran gbé láìsí ìrora. Èyí tí ó bá ti gbé lọ kì í padà, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Àyẹ̀wò nìkan ni a fi ń tètè mọ̀ ọ́n. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ahmadu Bello wà nítòsí wa ní Shika, Ibùdó Ìtọ́jú Ojú ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Kaduna.

Nítorí náà, n kò ra ìwé fún Ìyá Ìbejì. Mo san owó àyẹ̀wò ojú rẹ̀ àti ti awò, mo sì fi fìtílà sólà kékeré kan lé e. Kí ojú má baà tì í, mo ní kí ó sin mí lọ, pé èmi ni mo fẹ́ yẹ ojú wò. Àwa méjèèjì ni a gba awò bọ̀! Ní alẹ́ ọjọ́ tí awò rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó pè mí lórí fóònù ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Ó ti ka orí mẹ́ta nínú ìwé kan. Ó ní, “Mo rò pé mo ti pàdánù rẹ̀ títí láé ni.” Ẹ rántí pé àṣẹ àkọ́kọ́ tí ó sọ̀kalẹ̀ fún Ànábì wa ni pé kí ó ké. Ẹni tí kíkà bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́, nǹkan ńlá ni ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo wá bi arábìnrin tí ó bi mí ní ìbéèrè pé, “Ìgbà wo lẹ rí ìwé lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín kẹ́yìn?” Ó dákẹ́. Ó ní òun yóò lọ kí i ná.

Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó rà á, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ń dí ọ̀rẹ́ yín lọ́wọ́ ìwé kíkà. Bí ó bá jẹ́ ojú tàbí iná, ẹ ti gbọ́ ohun tí mo ṣe. Bí ó bá jẹ́ àìráyè, ẹ gba àwọn ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Wákàtí méjì tí ilé pa rọ́rọ́ lè ju ìwé mẹ́wàá lọ fún abiyamọ. Nana Asma'u, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, tí ó kú ní ọdún 1864, kọ ìwé ní èdè Lárúbáwá, Fúlàní àti Háúsá. Kò fi mọ síbẹ̀. Ó kọ́ àwọn obìnrin aṣáájú tí wọ́n ń pè ní jaji, kí wọ́n máa gbé ìmọ̀ lọ bá àwọn obìnrin tí iṣẹ́ ilé kò jẹ́ kí wọ́n lè jáde.

Bí ó bá sì jẹ́ ìwé ni ó nílò lóòótọ́, ẹ mọ èdè tí ọkàn rẹ̀ fi ń sinmi. Ìwé Yorùbá ni ó ṣọ̀wọ́n jù fún wa níhìn-ín. Ẹni tí ó bá lọ sílé Iléyá, kí ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú ọ̀kan bọ̀ láti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin. Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó sanwó, nítorí ayédèrú ìwé pọ̀, ojú ewé ibòmíràn kì í pé. Ẹ sì wò ó bóyá lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti àdúrà kúkúrú sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti fún un tán, ẹ má padà wá yá a lọ gbére.

Ẹni tí ó mọ inú rò ni ó mọ ọpẹ́ dá. Ẹni tí ó bá mọ inú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò mọ ẹ̀bùn tí ó yẹ ẹ́. Kí Ọlọ́hun má gba ojú wa, kí Ó má gba ìmọ̀ lọ́wọ́ wa, kí Ó sì fi àwọn ọ̀rẹ́ tí ń wo ojú wa dáadáa jíǹkí wa. Àmín. Ó di ìgbà mìíràn, lágbára Ọlọ́hun.