Ká Ka Wákàtí Láti Ẹnu Ọ̀nà Ilé

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n sọ tẹnu mi lórí pápá ọkọ̀ òfurufú tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́ sí agbègbè Ìperu àti Ìlíṣàn ní Rẹ́mọ.

Inú àwa ará Ìjẹ̀bú-Òde dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe kò pé. Láti Ìkẹjà dé Alákìá n'Íbàdàn, tí a bá fojú òfurufú wọ̀n ọ́n, kò ju bíi kìlómítà 113 lọ. Bí ìdajì wákàtí ni bàálù máa lò. Ìkẹjà sí Àbújá, bíi kìlómítà 510, ó tó wákàtí kan.

Àmọ́ ta ló ń gbé inú pápá bàálù? Ará Ìjẹ̀bú-Òde tó ń gba Ìkẹjà lọ Àbújá ní láti jí ní ìdájí, kó gba Ṣàgámù, kó fara da sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, kó sì dé pápá ó kéré tán ní wákàtí kan kí bàálù tó gbéra. Ìrìn ilẹ̀ ti ju ti òkè lọ!

Ìperu sún mọ́ wa ju Ìkẹjà lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí bọ́ọ̀sì tó ń lọ déédéé láti Ìjẹ̀bú-Òde, tí onítakisí ń bu owó tó wù ú lé wa, tí bàálù kò sì ní àkókò pàtó, ọ̀nà Èkó náà la ó padà sí. Owó ìlú ni wọ́n fi kọ́ pápá yìí. Kò yẹ kó di ti onímọ́tò nìkan.

Mo wá ń rọ ìjọba wa pé kí wọ́n ṣètò bọ́ọ̀sì tó bá àkókò bàálù mu, kí wọ́n sì máa bójú tó ọ̀nà ibẹ̀. Ilẹ̀ la ń rìn ká tó dé ìdí bàálù.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìjẹ̀bú-Òde.