Ẹ̀jẹ̀ Aláìṣẹ̀ Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ìṣirò

Ẹ̀yin ará, gbogbo wa la ti gbọ́ ọ, àwọn mìíràn nínú wa sì ti fi ẹnu ara wa sọ ọ́: “Bí wọn ò bá ju bọ́ǹbù yẹn ni, àwọn tí ì bá kú ì bá jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Hiroshima àti Nagasaki ni wọ́n ń sọ, ní ilẹ̀ Japan, ní oṣù kẹjọ ọdún 1945. Mo ti gbọ́ ọ níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì pàápàá, kò sì sí ẹni tó ta kò ó. Ká sòótọ́, èmi náà jókòó, mo dákẹ́.

Obìnrin kan wà tí kò dákẹ́. Elizabeth Anscombe ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Limerick, ní Ireland, ní ọdún 1919. Ó kọ́ni ní ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní Oxford, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge, ó sì kú ní ọdún 2001. Ọmọ méje ló bí. Ìjọ Àgùdà ló ń lọ, kì í ṣe ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, ṣùgbọ́n n ò mọ iye àwọn olórí tiwa tí ó lè ṣe ohun tí ó ṣe.

Ní ọdún 1956, Yunifásítì Oxford fẹ́ fi oyè dá Harry Truman lọ́lá, ẹni tí ó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ju bọ́ǹbù náà. Anscombe dìde láàárín àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n má ṣe é. Ènìyàn kéréje ló tì í lẹ́yìn. Wọ́n fún Truman ní oyè rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde láti sọ ìdí rẹ̀: kí ènìyàn dìídì pa aláìṣẹ̀ nítorí kí ó lè rí ohun tí ó ń wá, ìpànìyàn ni, ìbáà jẹ́ ọba ló ṣe é.

Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kò sá fún ìṣirò wọn. Ó gbà pé bí nǹkan ṣe rí nígbà náà, ó jọ pé bọ́ǹbù náà gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ kí nǹkan rí bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ń bá Japan jà ló fàáké kọ́rí pé àfi kí ó túúbá láìsí àdéhùn kankan. Àwọn fúnra wọn ló ti ilẹ̀kùn, wọ́n wá ń sọ fún wa pé kò sí ọ̀nà mìíràn! Ó tún bi wọ́n pé, bí wọ́n bá ní kí wọ́n se ọmọ ọwọ́ kan nínú omi híhó kí jàǹbá má bàa dé bá ẹgbẹ̀rún ènìyàn, tàbí àádọ́ta ọ̀kẹ́ bí ẹgbẹ̀rún kò bá tó, ṣé wọn yóò ṣe é? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Nígbà tí ọdún 1945 fi parí, nǹkan bí 140,000 ènìyàn ló ti kú ní Hiroshima, àti nǹkan bí 70,000 ní Nagasaki: ìyá ọlọ́mọ, ọmọ ilé-ìwé, arúgbó. Ilé ìjọsìn Urakami ní Nagasaki kò jìnnà sí ibi tí bọ́ǹbù náà ti bú. Àwọn baba ńlá àwọn ará ìjọ náà ti fi ìgbàgbọ́ wọn pamọ́ láti ìran dé ìran nítorí inúnibíni. Inúnibíni kò pa ìjọ náà run. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn ni bọ́ǹbù yìí pa. (Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ni Truman.)

Ẹni tó gbèjà Truman níbi ìpàdé Oxford ní òun nìkan kọ́ ló ṣe bọ́ǹbù, òun nìkan kọ́ ló dá ìpinnu náà ṣe, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ nìkan ló wà nísàlẹ̀ ìwé. Ẹ gbọ́ àwáwí! Nínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Intention, ti ọdún 1957, Anscombe ṣe àpèjúwe ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ fa omi onímájèlé sínú ilé kan kí àwọn tó wà níbẹ̀ lè kú. Apá rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó ń fa omi, ó ń fún ènìyàn ní májèlé jẹ. Iṣẹ́ mẹ́ta kọ́ nìyẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni. Gègé ìkọ̀wé náà lè jẹ́ apá ẹ̀rọ omi.

Ẹ má sì rò pé ó kórìíra gbogbo ogun. Ó ní àwọn tó ń kọ́ni pé gbogbo ìtàjẹ̀sílẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ń ṣe ìpalára, nítorí bí irú wọn bá wá dé ojú ogun, wọn ò mọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ ti dúró mọ́. Sójà tó gbé ìbọn kọjú sí ọ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ tó ń sùn.

Ní ọdún 1958 ó kọ àròkọ kan tó fún ẹ̀kọ́ ìṣirò yìí ní orúkọ tí wọ́n ń pè é títí dòní, consequentialism: pé kò sí ohun tí a kò lè ṣe bí èrè rẹ̀ bá ti pọ̀ tó. Ó ní ẹni tí kò bá tíì dá a lójú pé kò yẹ kí ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún aláìṣẹ̀, òun kò ní bá a jiyàn. Mo rò ó wò, Káyáfà ló wá sí mi lọ́kàn. Òun náà ṣe ìṣirò: ẹnì kan kú, orílẹ̀-èdè yè. Àwa tí à ń pe ara wa mọ́ Ẹni tí wọ́n fi ìṣirò yẹn pa, báwo la ṣe wá di akọ̀wé Káyáfà?

Anscombe kò lọ síbi ayẹyẹ oyè Truman. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun láti lọ, kì í ṣe nítorí àwọn ọ̀gá Oxford, bí kò ṣe nítorí pé sùúrù Ọlọ́run lè tán níbẹ̀.