Kí Ẹ Tó Ní Ayé Ló Ṣe É, Ẹ Wo Ewé



Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ àdúgbò wa ní Pleasure yìí mọ̀ pé ilẹ̀ ò sí mọ́. Sìmẹ́ǹtì ni gbogbo àgbàlá. Inú rọ́bà ọ̀dà ni mo gbin ọ̀dúndún, rinrin àti ẹfinrin sí, kí n má baà máa sáré lọ sọ́jà Ilé-Epo nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́ gbo omi ẹ̀rọ̀.

Nígbà òjò tó kọjá, mo rí i pé ewé ọ̀dúndún mi ń pọ́n. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń gbé yàrá kejì, torí ibẹ̀ ló máa ń sá aṣọ sí. Mo ní ó ti da nǹkan sí i. Mi ò sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tó bá kí mi, ńṣe ni mo kàn ń kùn.

Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá ni Bàbá wa wá sílé. Wọ́n wo rọ́bà náà, wọ́n ní, "Kí lo fi ń bọ́ ọ?"

Mo ní, "Omi ni, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ṣé omi nìkan làwọn ọmọ tìẹ ń mu sùn?"

Ohun tí wọ́n kọ́ mi rèé, pẹ̀lú èyí tí èmi náà ti fojú ara mi rí.

Bí ewé bá ń pọ́n láti ìsàlẹ̀, tí ti òkè ṣì tutù, ebi náítírójìn ló ń pa á. Ó ń fa oúnjẹ inú ewé àgbà fi bọ́ ewé ọmọdé, bí ìyá tó ń yọ ti ẹnu rẹ̀ fọ́mọ. Òjò ló ń fọ oúnjẹ yẹn jáde nínú rọ́bà. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa ni ẹ fi sí i, ẹ̀kúnwọ́ kan, kó má kan ìdí rẹ̀. Tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò o!

Bó bá jẹ́ ewé òkè ló ń pọ́n, tí iṣan rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, irin ni kò rí jẹ. Nígbà míì irin wà nínú yẹ̀pẹ̀, àmọ́ eérú tàbí sìmẹ́ǹtì tó pọ̀ jù níbẹ̀ ò jẹ́ kí gbòǹgbò rí i fà. Ẹ pààrọ̀ yẹ̀pẹ̀, ẹ má tún da eérú sí i.

Bí etí ewé àgbà bá ń gbẹ bí ẹni pé iná jó o, ó lè jẹ́ pòtáṣíọ̀mù ló kù. Eérú igi ṣíbí kan á tó o.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ ìdí rọ́bà wò. Bí kò bá ní ihò, omi á ti jẹ́ kí gbòǹgbò rà. Oúnjẹ yòówù kí ẹ gbé síwájú rẹ̀, kò ní lè jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé tuntun tó yọ lórí ọ̀dúndún mi tutù yọ̀yọ̀. Àwọn tó ti pọ́n ò padà, wọ́n rẹ̀ dànù.

Àwọn àgbà ní ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù. Mo ti wá rí i pé ewé náà, bí kò bá ṣe dáadáa, nǹkan kan ló kù fún un.

Mo gé ẹ̀ka ọ̀dúndún kan, mo gbé e lọ fún aládùúgbò mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó ní òun ti ń ronú ohun tí òun fi ṣẹ̀ mí. Ojú tì mí.

Kí Ọ̀sányìn má jẹ́ kí ewé ilé wa gbẹ. Ó di oṣù mẹ́ta òní.