Bí Awo Bá Ṣi Ọ̀rọ̀ Sọ, Kó Má Ṣe Pa Á Rẹ́ Ní Kọ̀rọ̀

 

Ní ìpàdé awo wa tó kọjá, ọ̀dọ́ awo kan dìde, ó bi wá ní ìbéèrè kan tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa àgbà. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, bí awo bá gba ohùn sílẹ̀, tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tó wá rí i lẹ́yìn náà pé òun ṣi Ifá túmọ̀, ṣé kó yára pa ohùn náà rẹ́ ni, àbí kí ni kó ṣe?" Ẹ̀gbọ́n mi kan nínú awo dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé kó pa á rẹ́, kí ọ̀tá má baà rí i mú. Ọ̀pọ̀ ló kan sáárá sí i. Èmi dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo ní tèmi í sọ, torí pé ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ìtìjú rẹ̀ kò sì tíì kúrò lára mi tán.

Èrò tèmi rèé: ohun tí awo bá ti sọ jáde, tó sì ṣì í sọ, kò gbọdọ̀ pa á rẹ́ ní kọ̀rọ̀. Kó jáde, kó ní òun ló ṣì í, kó sọ èyí tó tọ́, kó sì rí i dájú pé etí tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ gbọ́ èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ awo mi kan tó ń gbé ní ìlú mìíràn dá Ifá fún ìyá kan tó ń ta epo pupa. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ló fi dá a. Ohun tó jáde kò yé e tó, ó wá ya fọ́tò ọ̀pẹ̀lẹ̀ náà bó ṣe wà lórí ẹní, ó fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, níbi tí àwa awo àti àwọn ọmọ awo bí ogójì wà. Mo wò ó, mo rí Ọ̀ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, mo rí Ọ̀bàrà lọ́wọ́ òsì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni àgbà, ibẹ̀ la ti ń ka odù. Mo ní Ọ̀ṣẹ́ Ọ̀bàrà ni. Mo ki Ifá náà, mo túmọ̀ rẹ̀, mo sì ní kí ìyá náà jáwọ́ nínú òwò epo kíákíá. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 4 lọ.

Nígbà tó di alẹ́, ọmọ awo mìíràn pè mí, ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ wo lẹ́tà ara àpò ìrẹsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní yẹn. Òdì ni wọ́n kọjú sí." Mo wò ó, bẹ́ẹ̀ ló rí. Kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù ọmọ awo tó dá Ifá náà ti fọ́. Kámẹ́rà iwájú, tí àwọn ọmọ fi ń ya ara wọn, ló lò, èyí sì máa ń sọ ọ̀tún di òsì bí ìgbà tí ènìyàn bá wo dígí. Ọ̀bàrà Ọ̀ṣẹ́ ni Ifá tó jáde. Odù ọ̀tọ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ọ̀tọ̀, ẹbọ rẹ̀ ọ̀tọ̀.

Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n mo tún ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo pa ohùn mi rẹ́ kúrò lójú gbogbo wọn. Mo ní bí ọmọ awo tó ni iṣẹ́ bá wá sílé, n ó bá a sọ ọ́ lójúkojú. Mo sì sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ 3 kọjá kó tó wá. Mo béèrè ìyá elépo. Ó ní, "Bàbá, ó ti ṣe bí ẹ ṣe wí." Kí n tó pa ohùn náà rẹ́, ó ti fi ránṣẹ́ sí ìyá náà. Nígbà tó rí i pé mo pa á rẹ́, ó rò pé mò ń bo àṣírí ìyá náà ni. Ìyá náà ti ta kẹ́ẹ̀gì epo 6 ní ìdajì owó, ó sì ti fa ìsọ̀ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ohùn mi ti kúrò lórí fóònù tèmi, ṣùgbọ́n ó wà lórí tirẹ̀. Ó ti gbé e fún ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́.

Mo wọkọ̀ lọ bá a. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, èmi ni mo ṣi Ifá kà. Ẹ foríjì mí." Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ọjọ́ wo lẹ mọ̀ pé ẹ ṣì í kà?" Mo ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ ti mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni mo ta epo mi." N kò rí èsì fún un. Mo san owó tó pàdánù lórí kẹ́ẹ̀gì 6 náà, ó sì gba ìsọ̀ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà rẹ̀ ti bá ẹlòmíràn lọ, n kò sì lè bá a pè wọ́n padà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Làpálàpá tó wà lára orúkọ mi ni mo tọ́jú, mo fi ẹ̀tẹ̀ ìyá náà sílẹ̀.

Ẹnìkan lè ní, "Ṣebí ẹ̀yin awo náà máa ń pa odù rẹ́ lórí ọpọ́n?" Òótọ́ ni. A ń tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn, bó bá ṣe, a ó pa á rẹ́, a ó sì tún òmíràn tẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà wo là ń pa á rẹ́? Lẹ́yìn tí ẹni tó wá dá Ifá bá ti gbọ́, tí a ti di ìbò, tí ẹbọ sì ti yé e ni. Ìyẹ̀rosùn tí a tẹ odù sí pàápàá, a kì í kàn fẹ́ ẹ dànù, à ń bù ú sórí ẹbọ. Ohun tó parẹ́ lórí ọpọ́n kò parẹ́ nínú ọ̀rọ̀. Ṣáájú kí àwa tó ní ìwé, orí àwọn bàbá wa ni odù 256 wà, orí kò sì ní ibi tí a ń tẹ̀ láti fi pa nǹkan rẹ́.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń ṣe nínú ìpàdé. Bí awo bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, tó ń sọ ọ́ bó ṣe yẹ, àwọn yòókù á máa hin fún un. Bó bá ṣì í, wọn á ní kò rí bẹ́ẹ̀. Yóò dúró, yóò tún un ṣe lójú gbogbo ènìyàn. Kò sẹ́ni tí í ní kí ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ kò gbọ́ èyí tó ṣáájú. Bí Ifá ṣe dé ọwọ́ wa láìdàrú nìyẹn. Ojú gbogbo ènìyàn la ti ń ṣì í, ojú gbogbo ènìyàn la ti ń tún un ṣe. Nínú àwọn ogójì tó gbọ́ ohùn mi, àwọn méjì ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń túmọ̀ irú Ifá yẹn fún ontajà. Bí n kò bá padà jáde sọ̀rọ̀, wọ́n á fi kọ́ àwọn ọmọ tiwọn.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwa ọmọ ìṣẹ̀ṣe ló yẹ ká mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tí Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, fi orúkọ Èṣù pe Sátánì. Títí di òní là ń pariwo pé Èṣù kì í ṣe Sátánì. Bí wọ́n bá tilẹ̀ yọ orúkọ náà kúrò nínú gbogbo Bíbélì lálẹ́ òní láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ọmọ tó bá jí lọ́la á ṣì máa fi Èṣù bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dìgbà tí a bá là á yé àwọn tó ti gbọ́ ọ.

Àwọn tó ṣe WhatsApp pàápàá mọ èyí. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti gbà wá láyè láti tún ohun tí a kọ ṣe láàárín ìṣẹ́jú 15, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi àmì sí i pé a ti tún un ṣe. Bí a bá pa á rẹ́, wọ́n ń fi àpá rẹ̀ sílẹ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá rí àpá náà kò mọ ohun tó parẹ́, ohun tó bá wù ú ni yóò rò, gẹ́gẹ́ bí ọmọ awo mi ṣe rò ó.

Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà tó yẹ ká pa rẹ́. Bí ó bá jẹ́ àṣírí ẹlòmíràn ni ẹ gbé síta, orúkọ ẹni tó wá dá Ifá, àìsàn rẹ̀, tàbí ohun tó ń lọ nínú ilé rẹ̀, ẹ pa á rẹ́ kíákíá. Ohun awo tí kò yẹ kí ọ̀gbẹ̀rì rí, ẹ pa á rẹ́. Síbẹ̀, ẹ lọ bá ẹni tó ni àṣírí, ẹ sọ fún un pé ó ti jáde, kó lè mọ bí yóò ṣe gbé e. Ohun tí a pa rẹ́ láti fi bo ẹlòmíràn kò jọ ohun tí a pa rẹ́ láti fi bo ara wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ní bí àgbà bá ń jẹ́wọ́ àṣìṣe, ọ̀wọ̀ Ifá á dínkù. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ifá kò ṣìṣe lọ́jọ́ náà. Ó jáde bó ṣe yẹ kó jáde lórí ẹní yẹn. Èmi ni mo ṣì í kà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ 3 tí mo fi dákẹ́, ta ni ìyá elépo ń bínú sí? Kò bínú sí mi. Ó sọ fún mi pé Ifá lòun ń bínú sí, pé kí ló dé tí Ifá fi gba oúnjẹ lẹ́nu òun. Mo gbé ẹ̀bi mi ru Ọ̀rúnmìlà, mo wá ń pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀ Ifá.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo gba ohùn mìíràn sílẹ̀ fún àwọn ogójì yẹn. Mo sọ odù tí mo pè, mo sọ èyí tó jáde, mo sì sọ ọmọ tó tọ́ mi sọ́nà. Ohùn náà wà níbẹ̀ di òní olónìí. N kò ní pa á rẹ́.

Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ̀ẹ́ ká ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Bí a bá sì ṣì í, kó fún wa ní ẹnu tí a ó fi tún un ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́.