Ìwé Àṣẹ Kì í Ṣe Ìwé Títí Ayé

Lónìí a ò ní sọ iye tí àgbàdo ń lọ, a ò sì ní sọ̀rọ̀ ibà. Ọ̀rọ̀ kòtò kan ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kòtò náà jìnnà sí wa, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni tó bá ní ilẹ̀, tó ní kànga, tó sì ní ọmọ.

WIPP ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ìpínlẹ̀ New Mexico ló wà, nítòsí ìlú Carlsbad. Ibẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà ń sin ìdọ̀tí tó ní ìtànṣán olóró sí, mítà 655 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èrò mi kí ẹ lè mọ ibi tí mò ń lọ. Ohun tó dára jù lójú mi nínú gbogbo ètò kòtò yẹn ni òfin tó ní kí àwọn tó ni ín máa padà wá jẹ́jọ́ ara wọn ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ṣùgbọ́n òfin yẹn nìkan kò tó. Màá sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń sin. Amẹ́ríkà ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì nígbà ogun, wọ́n sì ń ṣe é lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun. Iṣẹ́ yẹn ní ìdọ̀tí tirẹ̀: ìbọ̀wọ́, aṣọ iṣẹ́, àkísà, irinṣẹ́, tí ohun tí wọ́n ń pè ní plutonium ti ta sí lára. Ojú kò lè rí ìtànṣán rẹ̀. Ìtànṣán náà kò lè gba awọ ara wa kọjá, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá fa eruku rẹ̀ símú, tó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ.

Kì í sì í yára tán. Ẹ fi gàárì rò ó wò. Ká ní tongolo 8 lẹ tọ́jú sílé. Tó bá jẹ́ pé bí plutonium ṣe ń dín ló ṣe ń dín, ẹ máa dúró fún nǹkan bí ọdún 24,000 kó tó ku tongolo 4. Ẹ tún máa dúró fún ọdún 24,000 míì kó tó ku 2. Ta ló máa dúró? Láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wa ti tẹ Kétu dó títí di òní, kò tíì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Nítorí iyọ̀ ni wọ́n ṣe yan ibẹ̀. Òkúta iyọ̀ tó nípọn gan-an wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn, ó sì ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí mílíọ̀nù 250 ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta iyọ̀ mọ̀ pé iyọ̀ àti omi kì í gbé pọ̀. Ká ní omi ń ṣàn gba ibẹ̀ ni, iyọ̀ náà ì bá ti yọ́ tán tipẹ́. Ohun kejì ni pé iyọ̀ tó wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń rìn díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá gbẹ́ yàrá sínú rẹ̀, ògiri á máa súnmọ́ra, títí á fi fún mọ́ àwọn àgbá irin tí wọ́n tò síbẹ̀, bí ewé ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ.

Ó dáa. Òfin wá ńkọ́? Ní 1992, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin lórí kòtò náà. DOE, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ agbára, ló ń sin ìdọ̀tí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí DOE fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ohun gbogbo dára. Àjọ mìíràn, EPA, tó ń dáàbò bo àyíká, ni wọ́n ní kó máa yẹ̀ ẹ́ wò. DOE gbọ́dọ̀ fi ìṣirò hàn pé fún ọdún 10,000, ohun tó bá jò jáde níbẹ̀ kò ní ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ. EPA fọwọ́ sí i ní 1998, ìdọ̀tí àkọ́kọ́ sì wọlé ní oṣù kẹta 1999.

Ibi tó wù mí nìyí: ìfọwọ́sí yẹn kì í ṣe títí láé. Ní ọdún márùn-ún márùn-ún, DOE gbọ́dọ̀ tún kó ìwé wá. Kí ló ti yí padà? Irú ìdọ̀tí wo ló ti wọlé? Kí lẹ tún rí nínú òkúta? Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ wá epo rọ̀bì nítòsí ńkọ́? EPA á gbé ìwé náà síta, ará ìlú á sọ tẹnu wọn, kí wọ́n tó pinnu. Wọ́n ti ṣe é ní 2006, ní 2010, ní 2017 àti ní 2022. Ìpínlẹ̀ New Mexico náà tún ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí àwọn kẹ́míkà olóró tó dàpọ̀ mọ́ ìdọ̀tí náà. Wọ́n sọ ìwé tiwọn dọ̀tun ní 2023.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ ò nílò olùkọ́ kí ẹ tó lóye èyí. Ta ló ń jẹ́ kí ẹni tó ń ta ẹ̀wà nìkan máa yẹ tongolo ara rẹ̀ wò? Tongolo tó pé lọ́dún yìí, wọ́n lè lu ìdí rẹ̀ wọnú kó tó di ọdún tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyálọ́jà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń padà wá wò ó. Kì í ṣe pé ó kórìíra ẹni tó ń ta ẹ̀wà. Ó mọ̀ pé nǹkan máa ń yí padà ni.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní 2014. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì, ọkọ̀ kan tó ń kó iyọ̀ gbaná nínú kòtò, wọ́n sì ní láti tọ́jú òṣìṣẹ́ 6 tó fa èéfín símú. Àwọn tó ṣèwádìí rí i pé wọn kò tọ́jú ọkọ̀ náà bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ 9, ní alẹ́ ọjọ́ 14, àgbá kan bẹ́ nísàlẹ̀. Kò séèyàn nínú kòtò lálẹ́ ọjọ́ náà, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú eruku olóró náà bá atẹ́gùn jáde sókè, nígbà tí wọ́n sì yẹ àwọn òṣìṣẹ́ wò, wọ́n rí ipa díẹ̀ lára àwọn tó lé ní 20.

Kí ló bẹ́ àgbá náà? Iyọ̀ kọ́. Òkúta kọ́. Ilẹ̀ kò mì. Ọjà tí wọ́n rà ni! Los Alamos ni wọ́n ti di àgbá náà. Omi kẹ́míkà wà nínú ìdọ̀tí náà, wọ́n sì fẹ́ fi nǹkan fà á mu. Ohun tí wọ́n ń lò fún un ni èyí tí àwọn òyìnbó ń dà sínú àpótí kí ológbò wọn máa yàgbẹ́ sí. Oríṣi kan wà tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, òmíràn wà tí wọ́n fi àlìkámà ṣe. Irú ti amọ̀ ló yẹ kí wọ́n lò. Àmọ́ wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ kọ sínú ìwé ìlànà iṣẹ́, ti àlìkámà ni wọ́n sì rà. Oúnjẹ ni àlìkámà, iná ń jẹ ẹ́. Ó pàdé kẹ́míkà kan tó jọ ti inú ajílẹ̀ tí ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, bí òkìtì koríko tútù ṣe ń gbóná látinú, títí ìdérí àgbá fi ṣí.

Nítorí àṣìrà yẹn, wọn kò sin ìdọ̀tí sínú kòtò náà mọ́ fún nǹkan bí ọdún 3, títí di oṣù kìíní 2017. DOE sì gbà láti ná ju mílíọ̀nù 70 dọ́là lọ fún ìpínlẹ̀ New Mexico kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Ẹ wo iye tí àpò nǹkan ológbò di!

Ẹ tún wo bí ọjọ́ ṣe ṣe kòńgẹ́ ara wọn. Àgbá náà kò tíì bẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí àsìkò ìwé ọdún márùn-ún fi pé, DOE sì kó ìwé rẹ̀ lọ bá EPA ní oṣù kẹta 2014. EPA yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fọwọ́ sí i ní 2017. Ẹlòmíì á ní, háà, báwo nìyẹn? Ìdí ni pé ohun tí ìwé yẹn ń béèrè ni bóyá iyọ̀ á di ìdọ̀tí náà mú fún ọdún 10,000. Iyọ̀ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ èèyàn ló ṣẹ̀: ọwọ́ tó kọ ìlànà, ọwọ́ tó rajà, ọwọ́ tó rò ó pọ̀ tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Níbi yìí ni èmi àti ètò wọn ti yà. Àyẹ̀wò tó ń wo ọdún 10,000 dára, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wo iṣẹ́ ọjọ́ Ajé náà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bá fi sínú ìwé ọdún márùn-ún ni èyí: òṣìṣẹ́ tó kéré jù níbẹ̀, tó bá rí i pé àpò tí wọ́n gbé wá kò jọ ti àná, ta ló lè sọ fún? Ṣé wọ́n á gbọ́ ọ, àbí wọ́n á ní kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ? Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ilé tí ojú pọ̀ sí tí ẹnu kò lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sí ìṣọ́ níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ. Wọ́n ní ìjọba ló ń yẹ ìjọba wò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fọwọ́ sí i, kí wá ni àǹfààní rẹ̀? Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n èsì mi rèé: báwo ni àwa tí a wà níhìn-ín ṣe mọ̀ nípa àpò nǹkan ológbò yẹn? Wọ́n kọ ìwádìí náà sílẹ̀, wọ́n sì gbé e síta ni. Kòtò tí kò ní àyẹ̀wò, tí àgbá bá bẹ́ nínú rẹ̀, inú ikọ́ àwọn ọmọ yín àti inú omi kànga lẹ máa ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀.

Ẹ sì má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Ní 1988, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé ìjọba wa nígbà náà ní Benin ti bá ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan fọwọ́ sí ìwé láti gba ìdọ̀tí olóró wá síbí, tí owó tónù kan kò sì tó dọ́là 3. Ariwo ta, wọ́n sì pa á tì. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì ní Koko, ní Nàìjíríà, lórí ilẹ̀ ẹnì kan tí wọ́n ń fún ní owó háyà kékeré lóṣooṣù. Kò sí ìwé tí ará ìlú rí, kò sí àyẹ̀wò, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Ìjọba Nàìjíríà jẹ́ kí Ítálì kó o padà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìjọba Áfíríkà pàdé ní Bamako ní 1991, tí wọ́n ṣe àdéhùn pé kí ẹnikẹ́ni má kó ìdọ̀tí olóró wọ ilẹ̀ wa mọ́, wọ́n sì ka ti ìtànṣán mọ́ ọn.

Àdéhùn dára, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Àwa ọmọ Kétu, a mọ ohun tí Àkàbà Ìdẹ̀nà wà fún. Ìlẹ̀kùn láìsí olùṣọ́, igi lásán ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin baálé, ẹ̀yin onílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín tó ní òun fẹ́ gbẹ́ kòtò, tàbí òun fẹ́ kó àgbá pa mọ́ sórí ilẹ̀ yín, ì báà jẹ́ owó gọbọi ló gbé wá, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́rin. Kí ló wà nínú rẹ̀, kí o kọ ọ́ sílẹ̀? Ta ni, yàtọ̀ sí ìwọ, tó máa wá yẹ̀ ẹ́ wò? Ìgbà wo ló máa padà wá? Níbo la ti máa gbọ́ èsì rẹ̀, ní èdè tí ìyá wa lóye? Tí kò bá lè dáhùn gbogbo rẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ lọ sọ fún mẹ́ẹ̀rì, ẹ sì wá sọ fún wa níbí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé pẹ̀lú. Bídọ́ọ̀nù ògùn òwú tí ẹ fọ̀ nígbà mẹ́ta, olóró ni síbẹ̀. Ẹ má fi í gba epo, ẹ má fi í pọn omi, ẹ má sì rà á lọ́jà nítorí pé ó pọ́kú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹni tó bá ní èrò tó yàtọ̀ sí tèmi, kó wá síbí lọ́jọ́ ọjà, a máa gbé ẹ̀rọ sí i lẹ́nu. Ó dìgbà o.