Ta Ló Fa SS?

Lóde òní, ọ̀pọ̀ pásítọ̀ Ìkẹ́rẹ́ tàbí Èmùré ní Èkìtì kì í so tọkọtaya pọ̀ láìbèèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìwé náà ń fi hàn bóyá ẹni jẹ́ AA, AS (tó ní àbùdá S kan) tàbí SS (tó ní méjì, tí àìsàn sickle cell mú). Bí AS bá fẹ́ AS, wàhálà dé: nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe ní ìdá kan nínú mẹ́rin pé ọmọ yóò jẹ́ SS. (Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n kọ lábẹ láyé àtijọ́ pé abíkú ni, mo gbà pé SS ni wọ́n.)

Báwo wá ni ohun tó ń pa ọmọ ṣe pọ̀ débi pé nǹkan bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ló jẹ́ AS? Ní 1954, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Anthony Allison fi hàn pé ó ṣòro fún ibà láti pa ọmọ AS bó ṣe ń pa AA. Ibà ń mú lára AA lọ, SS kì í sábà pẹ́ láyé, AS ló ń ṣẹ́kù jù tó ń bímọ. Ohun tí Darwin wí ní 1859 náà nìyẹn: ayé ló ń ṣa ẹ̀dá tí yóò ṣẹ́kù.

Ṣùgbọ́n ta ló mú ibà pọ̀? Àgbẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn, Frank Livingstone, ṣe wí ní 1958. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri fẹ́ràn omi tí oòrùn ń pa, èyí tó ṣọ̀wọ́n nínú igbó kìjikìji. Ìgbà tí a ṣán igbó, tí a gbin iṣu, tí a tẹ abúlé dó, omi dá sí gbangba, ẹ̀fọn rí ibi yé ẹyin, ó sì rí ẹ̀jẹ̀ mu. Ẹ̀yin ará Ìsẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín: iyán wa wà nínú ẹjọ́ yìí! Irú èrò báyìí ni onímọ̀ báyọ́lọ́jì Richard Lewontin jà fún títí: ẹ̀dá kì í jókòó kí ayé máa ṣà á, òun náà ń tún ayé tó ń ṣà á ṣe. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà.

Ìbẹ̀rẹ̀ S, ìyípadà inú àbùdá tó ń fa SS, ló ṣì ń dá ìjà sílẹ̀. Ṣé èèṣì lásán ló bí S? Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ wí. Ní 2022, Adi Livnat ti Yunifásítì Haifa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àtọ̀ ọkùnrin wò, wọ́n rí i pé ìyípadà yìí ń ṣẹlẹ̀ lára ọmọ Áfíríkà ju ti Yúróòpù lọ. Àwọn kan ti ń pariwo pé ara mọ ohun tó nílò. Wọ́n yára jù. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n yẹ̀ wò kéré níye, Livnat fúnra rẹ̀ kò sì sọ pé ibà ló ń pàṣẹ fún àtọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ báyọ́lọ́jì ní yunifásítì BOUESTI, Ìkẹ́rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ Livingstone dé kíláàsì. Ọmọ àgbẹ̀ pọ̀ níwájú yín.