Fítámì Inú Ìgò àti Oòrùn Ọ̀fẹ́

Láyé àtijọ́, ọmọ tí ó bá sanra ni a ń pè ní ọmọ tí a tọ́ dáradára, ìyá rẹ̀ a sì máa fi í yangàn. Ojú ti là báyìí. Àwọn oníṣègùn ti fi yé wa pé ọmọ tí ó sanra ju bí ó ti yẹ lè ti máa bá ọ̀nà àrùn ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru lọ kí ó tó dàgbà. Nítorí náà ni àwọn òbí tí ọwọ́ wọn tó o ṣe ń ra fítámì D fún ọmọ wọn. A kò bá wọn wí, ṣùgbọ́n a fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ra.

Oòrùn ni ó ń mú kí awọ ara ènìyàn ṣe fítámì yìí fúnra rẹ̀. Bí ọmọ bá sanra jù, ọ̀rá ara rẹ̀ a gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ pamọ́, díẹ̀ ni yóò sì kù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá wá fi oògùn dí àlàfo náà, ǹjẹ́ ara ọmọ yóò le?

Ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn dán an wò lára àwọn ọmọ 225, ẹni ọdún 10 sí 18, tí wọ́n sanra jù, tí fítámì D inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì kéré. Fún oṣù 6, àwọn kan ń gba ìwọ̀n 600 lójúmọ́, àwọn kan 1,000, àwọn yòókù 2,000. Èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Ní ti iṣẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe ìdánwò náà gan-an, àwọn tí ó gba púpọ̀ kò sàn ju àwọn tí ó gba díẹ̀ lọ. Lóòótọ́, ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dára sí i lára àwọn tí ó gba púpọ̀, èyí kì í sì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ni wọ́n; ọ̀rọ̀ wọn kò kan ọmọ tí ìyá rẹ̀ ra ìgò kan nítorí pé aládùúgbò rà á. Bí fítámì yìí bá sì pọ̀ jù lára, kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ a ga, a sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ti Jos pẹ̀lú. Èsì ìtọ́jú àwọn ọmọ 123 tí egungun wọn rọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn sì tẹ̀, jáde ní 1999. Ta ni kì bá ti rò pé fítámì D ni wọn kò ní? Àwọn tí a fún ní kálísíọ̀mù sàn ju àwọn tí a fún ní fítámì D nìkan lọ.

Ọ̀ràn àwọn ará wa ní Ìlú Ọba yàtọ̀. Oòrùn ibẹ̀ kò tó nígbà òtútù, awọ dúdú sì ń fẹ́ oòrùn púpọ̀. Ìjọba ibẹ̀ gba àwọn aláwọ̀ dúdú nímọ̀ràn láti ronú sí lílo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ yípo ọdún. Kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ wa kọ̀ ọ́.

Àwa tí Ọlọ́run fún ní oòrùn ni a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọmọ ń ti inú ọkọ̀ bọ́ sínú kíláàsì, ó ń ti kíláàsì padà sídìí fóònù, ọtí ẹlẹ́rìndòdò sì wà nínú àpò rẹ̀. Òfin ìnáwó ti 2021 bu náírà 10 lé lítà irú ohun mímu dídùn bẹ́ẹ̀. Iye yẹn kò tó láti mú ọmọ gbé ìgò sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ń pọ̀ sí i nínú ilé alájà, tí kò ní pápá tí ó tó ibùsùn ewúrẹ́.

Àwa ń fẹ́ kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ má ṣe fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan tí kò ní pápá ìṣeré. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi àkókò eré ìdárayá kọ́ ìṣirò mọ́, bí ó ti wù kí ìdánwò súnmọ́ tó. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, bí olùdíje bá tún wá tọrọ ìbò, ẹ bi í bóyá yóò dáàbò bo pápá ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò yín, àbí yóò gé e fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù.